Wọ́n Bi Mí Bóyá Mo Wọ Bàtà Òjò Nínú Òjò

"Ṣé ẹ wọ̀ ọ́ jáde nínú òjò ni, àǹtí?"

Ohun tí ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà bi mí nìyẹn. Bàtà òjò ló wà lọ́wọ́ mi o, omi ṣì ń kán láti inú rẹ̀ sórí ilẹ̀ wọn tó ń dán. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá, tọkàntọkàn ló fi bèèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú òjò ni mo wọ̀ ọ́ sí. Ó mirí, ó ní, "Háà, ìyẹn ló fà á."

Bàtà náà rẹwà, n kò ní purọ́. Ó ga dé abẹ́ orúnkún, àwọ̀ ewé, ó sì ní ìdè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò de nǹkan kan. Òjò wínníwínní kò rí i gbé ṣe. Àmọ́ lọ́jọ́ tí àgbàrá kọ́kọ́ bò mí lọ́rùn ẹsẹ̀, mo ń gbọ́ ṣàpà-ṣàpà nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo rò pé òógùn ni, torí kò sí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rọ́bà kọjá, òógùn kì í sì í rọ́nà jáde níbẹ̀. Ìgbà tí mo bọ́ ọ, tí mo dà á kodò, òógùn ta ló máa pọ̀ tó yẹn? Mo gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀, mo pọn omi kún inú rẹ̀, mo sì ń wò ó. Kò pẹ́ tí omi fi ń jò jáde lókè ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí bàtà máa ń ká sí bí èèyàn bá ń rìn.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọbìnrin yẹn, ó fi sùúrù gbọ́, ó gbé omi tútù fún mi, ó wá pe ọ̀gá rẹ̀. Ká ní kò pè é ni, ọ̀rọ̀ ì bá má gùn. Ọ̀gá dé, kò kí mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ bàtà níbi tó dára, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Mo fi ibi tó là hàn án. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ máa ń lóṣòó nínú rẹ̀?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n máa dúró gbọnrangandan ni?" Ló bá ṣí ìwé pélébé inú páálí, ó fi ìka sí ìlà kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré: bàtà yìí wà fún oge, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Lára páálí kan náà, níwájú gbàgàdà, wọ́n ya ìkúukùu àti ẹ̀kán òjò sí i! Ẹnu mi ń gbọ̀n. Mo sọ̀rọ̀ débi pé àwọn oníbàárà yòókù dákẹ́.

Bàbá kan tó ń kó páálí lẹ́yìn ló gbà mí. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gba bàtà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. "Ọmọ mi, wò ó. PVC ni, ìyẹn irú ike kan, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ibi ìlẹ̀pọ̀ yẹn gan-an ló ń ká. Kò lè ṣe kó má ya." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bàtà òjò dúdú kan jáde lábẹ́ pẹpẹ tí ẹnì kankan kì í wò, rọ́bà gidi, kò lẹ́ṣọ̀ọ́, owó rẹ̀ sì kéré sí ti oge. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, kí wọ́n sì dá owó tó kù padà. Ọ̀gá wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ṣe é.

Àwọn tó ń sọ pé bàtà òjò ò ju oge lọ, ẹ gbọ́ mi. Ọdún 1853 ni Hiram Hutchinson, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilẹ̀ Faransé, àwọn àgbẹ̀ ló sì ń rà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun ń jẹrà nínú kòtò olómi, ilé iṣẹ́ North British Rubber Company sì ṣe é fún ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Kate Moss, afimúra-polówó-aṣọ (model) tí àwòrán rẹ̀ sọ ọ́ di oge níbi àjọ̀dún orin Glastonbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2005 pàápàá, inú ẹrẹ̀ gidi ló wọ̀ ọ́ sí. Kí ló wá dé tí ẹnì kan fi máa ṣe èyí tí kò lè rí omi?

Dúdú mi kò jò. Mo ti fi la àgbàrá kọjá, ìbọ̀sẹ̀ mi gbẹ. Ó wúwo ṣá, ó sì ń gbóná, bíbọ́ rẹ̀ gba ẹni méjì nígbà míì. Bí omi bá wá gba ẹnu rẹ̀ wọlé, korobá ni ẹ wọ̀ sẹ́sẹ̀ yẹn. Ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀ kó fà á gbẹ, ẹ má sá a sí oòrùn, oòrùn ń jẹ́ kí rọ́bà sán. Nígbà tí nǹkan funfun kan hù sí i lára, mo tún pe ilé ìtajà, inú ti ń bí mi sílẹ̀. Ọmọbìnrin ìjọsí ló gbé fóònù, ó rántí ohùn mi. Ó ní ohun tó wà nínú rọ́bà fúnra rẹ̀ ló ń yọ síta, kò bà á jẹ́, kí n fi aṣọ nù ún. Mo nù ún, ó lọ.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá tó ń kó páálí. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, ọ̀gá kì í tíì dé nígbà yẹn.