Johnny Cash ní Folsom: bàbá mi gbọ́ irọ́ inú ẹ̀ kí èmi tó gbọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Johnny Cash, olórin kọ́ńtírì ará Amẹ́ríkà, ẹ mọ àwo yìí, èyí tó lọ kọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom ní Kalifóníà lọ́jọ́ 13 oṣù kìíní 1968. Mi ò ní máa ka orúkọ orin ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ bàbá mi n'Íbàdàn ni mo fẹ́ sọ, àti ojú tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún mi, torí méjèèjì ò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ Sunday.

Wọ́dà ni bàbá mi. Ọdún 31 ni wọ́n fi ṣe é, Agodi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé wọn lọ Abẹ́òkúta, wọ́n tún gbé wọn padà sí Agodi, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Nílé wa, àárọ̀ Sunday, orin kọ́ńtírì ni. Jim Reeves lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn ẹ̀ Don Williams, òórùn dòdò á ti máa wá láti kíṣìnì, a ò sì gbọdọ̀ pariwo títí wọ́n á fi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tán. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ilé yín rí bẹ́ẹ̀. Cash ò sí níbẹ̀, Bàbá ní ohùn ẹ̀ ti le jù fún àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Èmi ni mo lọ wá a rí fúnra mi nígbà tí mo dàgbà, orin Folsom yẹn, Folsom Prison Blues, ló sì mú mi, ibi tó ti ní òun yìnbọn pa ọkùnrin kan ní Reno kí òun ṣáà lè rí bó ṣe máa kú, tí ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá hó yèè! Ariwo yẹn. Àìmọye èèyàn ni mo ti jókòó tì pé ẹ gbọ́, ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe rí ara wọn nínú orin náà. Mo gba ariwo yẹn gbọ́ ju orin fúnra ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Bàbá máa pé ọdún 76, mo ní kí n ra odindi ẹ̀ fún wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2008, síídì méjì àti fídíò kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Cash ṣeré lọ́jọ́ yẹn, ìkan ní aago 9:40 àárọ̀, ìkan ní 12:40 ọ̀sán, èyí tí mo fẹ́ yìí ló sì kó méjèèjì látòkè délẹ̀. Àwọn kan l'Ékòó tó ń ta àwo àtijọ́ lórí Instagram ní àwọn ní in. ₦74,000. Mo ṣe tránsífà ní Tuesday, lójú ẹsẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn ní "Ẹ ṣé Àǹtí mi, ó ti wọlé, ó máa tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní Friday."

Friday kọjá. Monday mo bèèrè, ó ní ó ti wà lọ́nà. Wednesday, ó ní ọlọ́kadà ló máa gbé e wá, kí n má jáde nílé. Mi ò jáde o, mo jókòó látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó kan géètì. Friday kejì ló tó dé, bí mo ṣe rí páálí ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó gbé e wá ni àyà mi já, torí ó fẹ̀, ó tún pẹlẹbẹ. Àwo dúdú ńlá ni wọ́n fi ránṣẹ́! Ta ló fẹ́ fi àwo ńlá ṣe kí ni? Ṣénjà tí bàbá mi fi ń gbọ́ àwo ti kú látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ìyá mi ló ń to abọ́ lé e.

Mo pe ọmọbìnrin yẹn. Ó ní, "Àǹtí, Folsom náà ṣáà ni, orin kan náà ni." Mo ní àbúrò mi, orin kan náà kọ́, orin 16 ló wà lórí èyí, orin méjì péré ni wọ́n sì mú wá síbẹ̀ látinú eré ọ̀sán, gbogbo ìyókù ti àárọ̀ ni. Ó ní àwọn kì í dá owó padà, àwọn kì í sì í pààrọ̀, ó wà lójú ìwé àwọn. Mo lọ ka ojú ìwé wọn látìsàlẹ̀ dókè, kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀. Mo ya àwòrán gbogbo ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó kà á, mo rí i pé ó kà á. Kò fèsì. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè é láàárín ìyẹn, ó ń dún títí ó fi ń gé. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo rí i tó ń gbé ọjà tuntun sójú ìwé wọn ní gbogbo ìgbà yẹn, ọjọ́ ìbí Bàbá sì ti ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo wá fi voice note ránṣẹ́. Mi ò bú u. Mo kàn sọ fún un pé bàbá tó fi ọdún 31 ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni mo ra nǹkan yìí fún, pé mi ò mọye ọjọ́ ìbí tó kù tí màá tún rà nǹkan fún wọn sí.

Láàárọ̀ Saturday, aago méje ò tíì lù, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ má bínú, ọmọ yẹn ò mọ ìyàtọ̀ ni, èmi sì ni kò jókòó kọ́ ọ." Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, kò já lù mí. Ó wá ní "Wọ́dà ni Bàbá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo ohun tó ń lọ láàárín orin kan sí èkejì o. Ibẹ̀ ni wọ́n máa gbádùn jù." Ó fúnra ẹ̀ gbé e lọ síbùdókọ̀ Ọjọ́ta, ó fún mi ní nọ́ńbà dírẹ́bà, ó pè mí nígbà tí mọ́tò gbéra, ó tún pè nígbà tó dé Ìwó Road. Kò gba kọ́bọ̀ lé e. Igun páálí ẹ̀ kan ti ya, ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ kí n tó rí i. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú òwò, Ọlọ́run á bá a ṣe é.

Ó di Sunday. Bàbá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n jókòó sórí àga wọn, mo fi síídì kìíní sí i. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ dára gan-an. Hugh Cherry tó ń darí ètò ti sọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n pé kí wọ́n má ṣe pàtẹ́wọ́ tí Cash bá yọ, àfi tó bá dárúkọ ara ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà lórí àwo, ó wá kí wọn, ó dárúkọ, gbọ̀ngàn ìjẹun ọgbà ẹ̀wọ̀n náà sì bú gbàmù. Bàbá mi orí. Gìtá Luther Perkins wọlé, tò-tò-tò bíi ọkọ̀ ojú irin tí ò kánjú. Ó dé Reno. Ẹni yẹn hó. Mo wo ojú Bàbá kí n lè rí ẹ̀rín wọn.

Wọ́n na ọwọ́ sókè. "Dá a dúró. Dá a padà sẹ́yìn." Mo dá a padà. "Lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Irọ́ ni eléyìí."

Mo ní Bàbá, báwo lẹ ṣe máa ní irọ́ ni? Wọ́n ní, "Àwọn wọ́dà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹlẹ́wọ̀n wo ló máa hó fún pé wọ́n pa èèyàn níṣojú wọ́dà? Tí orin bá parí, ta ló máa dá a padà sí yàrá ẹ̀? Inú ni wọ́n máa ń rín irú ẹ̀rín yẹn sí. Gbọ́ ariwo ti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ti ibí yìí dá wà ni." Mo bá wọn jiyàn, mo sì jiyàn gan-an, mo sọ̀rọ̀ sókè sí bàbá mi lórí ọ̀rọ̀ àwo.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ wá a. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Michael Streissguth, tó ṣèwádìí ọjọ́ yẹn fínnífínní, ti kọ ọ́ pé nínú sítúdíò ni wọ́n ti lẹ ariwo yẹn mọ́ ọn lẹ́yìn tí eré ti parí, àwọn míì sì ti sọ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ń ṣọ́ra wọn nítorí àwọn wọ́dà. Àní ohun tí wọ́dà Agodi kan sọ láti orí àga ẹ̀ gan-an!

Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yẹn ni wọ́n purọ́ mọ́. Àwọn tí kò ní ẹnu láti fi bá ilé iṣẹ́ àwo jà, wọ́n sọ wọ́n di ẹni tó ń yọ̀ tí wọ́n bá pa èèyàn, gbogbo ayé sì gbà á, èmi náà gbà á, mo tún ń fi han àlejò. Ẹ tún wá gbọ́ o: ní oṣù kẹfà ọdún yẹn náà tí wọ́n yìnbọn pa Robert Kennedy, olóṣèlú Amẹ́ríkà tó ń du ipò ààrẹ, Columbia tó gbé orin yẹn jáde gé gbólóhùn Reno kúrò nínú èyí tí rédíò ń lò. Nígbà tó máa tà, wọ́n fi ariwo ayọ̀ sí i. Nígbà tó fẹ́ ba ọjà jẹ́, wọ́n yọ ọ́ dànù.

Mo fẹ́ yọ síídì yẹn kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án Sunday yẹn, lẹ́yìn tá a jiyàn, Bàbá ló ní kí n fi í sílẹ̀. A ń gbọ́ ọ lọ. Orin kan parí, ohùn kan wá jáde látinú sípíkà ọgbà, ó pe ẹlẹ́wọ̀n kan, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀, pé wọ́n ń fẹ́ ẹ ní rìsẹ́pṣọ̀n. Ó kọjá wéré, ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń gbọ́ àwo yìí tí mi ò kà á sí. Bàbá nà ró lórí àga. Ọwọ́ wọn méjèèjì lọ sórí orúnkún, bí ẹni tó fẹ́ dìde. "Wọ́n ń pe nọ́ńbà," wọ́n ní. Wọ́n ní kí n tún un gbé. Wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹni yẹn ò ní gbọ́ orin tó kù. Ó lè jẹ́ lọ́yà ló wá. Ó lè jẹ́ pé ìyá ẹ̀ ló kú."

Látìgbà yẹn, bíi àwo míì ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. Nínú orin àwọn awakùsà, Dark as the Dungeon, Cash rẹ́rìn-ín láàárín orin torí ohun tí ẹnì kan nínú wọn ṣe, ó ní kí wọ́n rántí pé wọ́n ń gbà á sílẹ̀ o, ó tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọdọ̀ sọ, òun fúnra ẹ̀ ló wá ń sọ ọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín débi tí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n ní ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀, ṣé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ni? Mo ní rárá, wọ́n kàn tì í mọ́lé fún alẹ́ ọjọ́ kan síbí, ọjọ́ kan sọ́hùn-ún. Nígbà tó kan 25 Minutes to Go, tí ẹni tí wọ́n fẹ́ so kọ́ ń ka ìṣẹ́jú tó kù fún un, Bàbá ní kí n fò ó. Folsom yẹn gan-an ni wọ́n ti so èèyàn 93 kọ́ títí di 1937. Mi ò bèèrè ìdí, mo fò ó.

Ti Greystone Chapel, orin ìkẹyìn, ó yẹ kẹ́ ẹ ra àwo yìí tìtorí ẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n inú ọgbà yẹn, Glen Sherley, ló kọ ọ́ nípa ilé ìjọsìn tó wà níbẹ̀. Pásítọ̀ kan, Floyd Gressett, ló gbé téèpù ẹ̀ fún Cash, alẹ́ tó ṣáájú eré ni Cash kọ́ ọ. Sherley jókòó níwájú pátápátá, kò mọ̀ rárá, ó kàn gbọ́ tí wọ́n ń kọ orin ẹ̀. Ohùn Cash kì í ṣe ohùn tó ti fi orin yẹn ṣeré púpọ̀, ó ń wá ọ̀nà nínú ẹ̀, ìyẹn gan-an ló mú un dùn. Bàbá bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà, a wá fi fídíò sí i. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1971, Cash fúnra ẹ̀ lọ pàdé ẹ̀ lẹ́nu géètì, ó mú un wọ inú ẹgbẹ́ ẹ̀. Kò tọ́jọ́. Ní 1978 ó pa ara ẹ̀. Bàbá dárúkọ ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ l'Ábẹ́òkúta, wọn ò sọ ju orúkọ yẹn lọ.

Síídì kejì, tí kì í bá ṣe pé ẹ fẹ́ràn Cash gan-an, ó lè sú yín. Ó ti rẹ ohùn ẹ̀ lọ́sàn-án, orin tẹ́ ẹ gbọ́ láàárọ̀ náà lẹ tún ń gbọ́. Carl Perkins tó ṣíde fún un dára ní tiẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ì bá jẹ́ márùn-ún, ariwo yẹn ló gba méjì, mi ò sì lè dá a padà. Àwọn tó tà á, mẹ́rin, torí ọ̀gá wọn. Mo pe Bàbá lánàá, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ti àárọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin látọjọ́ yẹn, pé ibi tí wọ́n ti pe nọ́ńbà kejì làwọn ń wá, kí n má pe àwọn títí àwọn á fi rí i.