Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta dọ́là fàdákà 1894 tòun ti ìtàn ìyanṣẹ́lódì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra owó ẹyọ àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, ọkùnrin náà ṣì wà nídìí ẹ̀.

Morgan dollar ni, ti 1894. Ẹ mọ ìdí tó fi wọ́n: òpin 1893 ni wọ́n fagi lé òfin tó ń jẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà máa ra fàdákà rẹpẹtẹ, nígbà tó fi máa di 1894, nǹkan bíi 110,000 péré ni ilé tí wọ́n ti ń rọ owó ẹyọ ní Philadelphia rọ. New Orleans àti San Francisco, kálukú wọn rọ ju mílíọ̀nù kan lọ, àmọ́ tiwọn ní lẹ́tà kékeré lẹ́yìn, O tàbí S. Ti Philadelphia ò ní nǹkan kan.

Bọ̀ọ̀dá yìí ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ó ní bàbá bàbá òun wà lára òṣìṣẹ́ Pullman, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ rélùwéè, tó yanṣẹ́ lódì lọ́dún yẹn, pé owó iṣẹ́ tó gbà kẹ́yìn ni. Ìyanṣẹ́lódì yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o: Pullman gé owó oṣù wọn, kò sì dín kọ́bọ̀ kúrò lórí rẹ́ǹtì ilé tiẹ̀ tí wọ́n ń gbé, ni wọ́n bá dáṣẹ́ dúró ní May 11, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Eugene Debs ṣe olórí ẹ̀ tì wọ́n lẹ́yìn, rélùwéè ò lọ kò bọ̀, títí Ààrẹ Cleveland fi kó sójà wọ Chicago ní July. Èmi tí ìtàn òṣìṣẹ́ máa ń pa bí ọtí, mo ti sanwó kí n tó rántí pé ọdún kan náà tí kọ́ìnì àti ìjà jọ bọ́ sí ò sọ pé wọ́n pàdé rí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là.

Nígbà tó dé, mo gbé e sórí síkéèlì, gíráàmù 26.7, ó pé. Òòfà ò gbé e. Inú mi dùn, mi ò mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀, fàdákà gidi ni! Ìgbà tí mo fi lẹ́ńsì wo ẹ̀yìn ẹ̀, lábẹ́ ewé tí wọ́n so yí ẹyẹ idì ká, lókè DOLLAR, mo rí ojú kan tó ń dán bí àpá, ìlà tín-tìn-tín kún ibẹ̀, apá kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ. Wọ́n ti ha O kúrò. Oníṣòwò tí mo gbé e lọ bá ò tíì wò ó tó ìṣẹ́jú kan tó fi dá a padà fún mi.

Mo ní kó dá owó mi padà, ó dínà mọ́ mi.

Tẹ́ ẹ bá máa ra 1894 tí ò ní lẹ́tà, ẹ ra èyí tí PCGS tàbí NGC, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò bóyá ojúlówó ni, ti dì sínú ike, kẹ́ ẹ sì yẹ nọ́ńbà ara ẹ̀ wò lórí sáìtì wọn, kẹ́ ẹ fi fọ́tò wéra, torí àwọn èèyàn ń ṣe ayédèrú ike náà. Tí ò bá sí nínú ike, ẹ ní kó ya ojú ibẹ̀ yẹn sún mọ́ dáadáa. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi, iná kọ mànà sójú ibẹ̀ gan-an, mo rò pé kámẹ́rà ẹ̀ ni ò dáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi orúkọ míì béèrè fọ́tò ẹ̀yìn kọ́ìnì tuntun tó ń tà. Kò fi ránṣẹ́. Ìtàn ló tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí bàbá ìyá ẹ̀ ló ṣiṣẹ́ ní Pullman.