Ẹnu la fi ń ka ìwé Ashley Bryan: àgbéyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ méjì

Tó bá jẹ́ owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, Beautiful Blackbird ni kí ẹ rà. Mo tètè sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní dúró gbọ́ tẹnu mi tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sùúrù, ẹ fìdí kalẹ̀.

Ashley Bryan jẹ́ ayàwòrán àti akéwì ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Harlem ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1923, erékùṣù Antigua sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó kú ní oṣù Kejì 2022, ní ẹni ọdún 98, ní Sugar Land, ẹ̀gbẹ́ Houston níbí tí èmi náà ń gbé. Láíbìrì àdúgbò wa ni mo ti kọ́kọ́ yá ìwé rẹ̀, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara mi rà á. Ọmọ méjì ló wà nílé wa: ẹ̀gbọ́n ti ń dá ìwé kà, àbúrò ṣì ń jẹ etí ìwé.

Àwọn Ila ní ilẹ̀ Zambia ló ni ìtàn inú Beautiful Blackbird. Láyé ọjọ́un, àwọ̀ mèremère ló wà lára gbogbo ẹyẹ, pupa ni, àwọ̀ ewé ni, àwọ̀ ojú ọ̀run ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní dúdú lára àfi Ẹyẹ Dúdú nìkan. Àdàbà bi àwọn ẹyẹ pé ta ló rẹwà jù, gbogbo wọn fẹnu kò sórí Ẹyẹ Dúdú. Kò pẹ́ tí Àdàbà fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun fi dúdú díẹ̀ yí ọrùn òun ká. Ẹyẹ Dúdú gbà, ó po nǹkan dúdú inú àdó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé ohun tí à ń rí lára kọ́ ló wà nínú ẹni, àti pé bí òun tilẹ̀ kùn ún, Àdàbà á ṣì máa jẹ́ Àdàbà. Bí ọrùn Àdàbà ṣe gba dúdú tán, ara àwọn yòókù ò gbà á mọ́. Kálukú ń fẹ́ tiẹ̀.

Ẹni tó bá ti wo ọrùn àdàbà dáadáa á mọ̀ pé òótọ́ ni ìlà dúdú wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní Houston níbí náà, tí ìlà dúdú rẹ̀ wà lẹ́yìn ọrùn. Láti ìgbà tí a ti ń ka ìwé yìí, àbúrò ò lè rí ọ̀kan lórí wáyà iná kó má pariwo.

Bébà ni Bryan gé, tó sì lẹ̀ pọ̀, tó fi di àwòrán. Kò gbìyànjú kí ìyẹ́ jọ ìyẹ́ tòótọ́. Pupa jẹ́ pupa délẹ̀, àwọ̀ ewé náà délẹ̀, dúdú wá ń bà lé wọn bí àmì tóótòòtó, bí ìlà, bí ẹ̀gbà ọrùn. Tẹ́ ẹ bá gbé e sún mọ́ ojú, ẹ máa rí ibi tí àlùmọ́gàjí ti yà nígbà tó dé ṣóńṣó ìyẹ́. Àwòrán àlùmọ́gàjí ọ̀hún gan-an wà nínú ìwé náà, nínú èèpo. Ti ìyá Bryan ni, òun ni ìyá fi ń ránṣọ tó sì fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n, ó lọ mú àlùmọ́gàjí tèmi, ó sì gé bíìlì iná tí a ò tíì san di ẹyẹ. Ẹyẹ náà dáa. Ó ṣì wà lára fìríìjì.

Mo ti ra ìwé púpọ̀ fún àwọn ọmọ yìí lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. Ìwàásù pọ̀ jù nínú èyí tó pọ̀ nínú wọn, ọmọdé sì mọ ìwàásù tó bá ti gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́. Nínú ìwé Bryan, ijó ni àwọn ẹyẹ ń jó tí wọ́n ń kọrin pé dúdú rẹwà, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Coretta Scott King fún un ní 2004, àmì-ẹ̀yẹ ìwé ọmọdé fún àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n fi orúkọ ìyàwó Martin Luther King sọ. Tèmi ni pé ó tọ́ sí i.

Ibi tí òbí máa ti ṣìnà ni bí wọ́n ṣe máa kà á. Bàbá wọn kọ́kọ́ kà á bí ẹni ń ka ìròyìn orí rédíò. Kó tó dé àárín ìwé, àbúrò ti bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìtàn tí Bryan kọ ò ṣeé fi ojú lásán kà. Ọ̀rọ̀ kúkurú ló ń tò, ìró ń ro lu ara wọn, ìró ẹnu ẹyẹ tó ń ṣá nǹkan jẹ wà níbẹ̀, ègbè kan sì wà, “uh-huh”, tó ń padà wá ṣáá. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn irinṣẹ́ akéwì ni òun fi ń sọ ìtàn, kí ẹni tó ń kà á lè máa gbọ́ ohùn ẹnìkan létí. Àwọn fídíò rẹ̀ wà lórí YouTube. Ẹ wò wọ́n kí ẹ tó kàwé fọ́mọ. Nígbà ayé rẹ̀, tó bá dúró níwájú èrò, ewì Langston Hughes, akéwì Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀: á pe ìlà kan, gbogbo ilé á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ojú ń sọ̀rọ̀, èjìká ń sọ̀rọ̀. Lójú tèmi o, bàbá apàlọ́ ni ọkùnrin yìí, ibi tí wọ́n bí i sí ló kàn jìnnà.

Nílé wa báyìí, “Àlọ́ o!” la fi ń ṣí i. Àwọn ọmọ á ní “Àlọ̀!”, Gẹ̀ẹ́sì Bryan á sì máa bọ̀, àwọn á máa gbè é. Bàbá wọn ti mọ̀ ọ́n kà dáadáa, kódà ó ti ń ṣe àṣejù.

Beat the Story-Drum, Pum-Pum ló yẹ kó jẹ́ ìwé wa. Ó jáde ní 1980, ìtàn márùn-ún láti Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, ó sì gba Coretta Scott King ní 1981. Adìyẹ àti Ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀: òjò ń bọ̀, Adìyẹ ní kí wọ́n jọ kọ́lé, Ọ̀pọ̀lọ́ kọ̀, ó wọ inú ihò rẹ̀, omi wá lé e jáde, ó sì wá ń yọ Adìyẹ lẹ́nu nínú ilé tí ò bá a kọ́. Ẹ̀fọ̀n àti Erin náà wà níbẹ̀, àti ìtàn ọkùnrin kan tó ń ka iye ṣíbí oúnjẹ tí ìyàwó ń bù sínú abọ́, tí kò sì sí obìnrin tó lè bá a gbé. Ìjàpá gan-an máa dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin yìí nídìí ahun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ Ìjàpá ò ní ìtàn tiẹ̀ nínú ìwé náà, kí ẹni tó bá ń wá a mọ̀. Ẹnu ìyá àgbà kan ní ilé wa kọ́ ni Bryan sì ti gbọ́ wọn. Inú ìwé tí àwọn òyìnbó ayé ìjọba amúnisìn kó jọ ló ti ń ṣa àwọn ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà, egungun lásán ni ọ̀pọ̀ wọn, òun ló wá fi ẹran àti ìlù sí wọn lára. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n èèpo ìwé kàn ní “Nàìjíríà” ni, bí ẹni pé abúlé kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti wá, ìyẹn ò sì dùn mọ́ mi nínú. Àwọn àwòrán rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fín sára igi, ìlà wọn nípọn, ojú wọn le. Èmi fẹ́ràn wọn. Àbúrò ò fẹ́ràn wọn rárá, ó ní kí n pa ìwé náà dé. Ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́fà sókè ló wà fún, tàbí kí ẹ kọ́ ìtàn náà sórí kí ẹ sì pa á lálọ̀ọ́ láìṣí ìwé.

Èyí tó dá gbogbo ilé dúró ni The Story of Lightning and Thunder, tó jáde ní 1993. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, àwòrán ni wọ́n ń wò, èmi ń túmọ̀. Nínú ìtàn náà, Ààrá jẹ́ ìyá àgùntàn, Mànàmáná jẹ́ àgbò ọmọ rẹ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé láàárín ènìyàn. Bí mo ṣe dé ibi tí àgbò ti ń sáré kiri tí iná ń ràn, màmá gbá ojú ìwé náà mú.

“Ìyàwó mi, ta ló sọ fún bàbá yìí pé àgbò ni ẹran Ṣàngó?”

Mo ní, “Màmá, wọn ò dárúkọ Ṣàngó níbẹ̀ mà. Ìtàn àwọn ará gúúsù ni.”

“Gúúsù ibo? Ṣé àwa kì í ṣe gúúsù ni?”

Kò sí èsì tí mo lè fọ̀. Elphinstone Dayrell, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ló tẹ irú ìtàn yìí jáde ní 1910 nínú ìwé ìtàn gúúsù Nàìjíríà, apá Calabar ló sì ti ṣiṣẹ́. Bí àgbò ṣe bá ààrá tan lọ́hùn-ún àti lọ́dọ̀ wa, kí àwọn onímọ̀ bá wa wádìí ẹ̀. Nínú ìtàn, ọba lé ìyá àtọmọ kúrò nílùú nígbà tí ìyọnu pọ̀, wọ́n sì gba ojú ọ̀run lọ níkẹyìn. Òjò Houston kì í rọ̀ láìsí ariwo. Tí mànàmáná bá ti kọ báyìí, ẹ̀gbọ́n á dákẹ́ dúró, tí ààrá bá wá sán, á ní, “Ìyá ẹ̀ ń pè é.”

Tó bá jẹ́ ewì lẹ fẹ́, Sing to the Sun ni. Ó jáde ní 1992, Bryan ló kọ ewì inú rẹ̀ tó sì ya àwòrán rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ ewì Lee Bennett Hopkins ní 1993. Àwọn ewì náà kúrú. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, òdòdó, bàbá ẹni, àti ìjì líle ló pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá ti gbé Houston á sì mọ ti ìjì yẹn lára. Àwọn àwòrán dà bí gíláàsì aláwọ̀ tó wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò sì ṣàdédé: ní erékùṣù Little Cranberry ní Maine tó gbé fún ìgbà pípẹ́, gíláàsì tí òkun bá gbé wá sí etíkun ló ń ṣà tó fi ń ṣe fèrèsé, ó sì ń fi egungun, àwọ̀n ẹja àti igi tó léfòó wá ṣe ọmọláńgidi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin tó kún fún oòrùn báyìí ti rí ojú ogun. Ẹni ọdún 19 ni nígbà tí wọ́n mú un wọṣẹ́ sójà, ó wà ní Omaha Beach, etíkun ilẹ̀ Faransé, ní 1944 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, inú àpò ìbòjú tí sójà fi ń dènà èéfín olóró ló sì ń kó pẹ́ńsùlù àti bébà rẹ̀ sí. Àwọn ewì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àárò àgbàlagbà lásán, àwọn ọmọ mi ń yán tí mo bá kà wọ́n. Mo ń fò wọ́n.

Ashley Bryan's ABC of African American Poetry kì í ṣe ìwé tẹ́ ẹ máa fi kọ́ ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ìlà díẹ̀díẹ̀ ló já nínú ewì akéwì kọ̀ọ̀kan, kó tó dùn délẹ̀ ó ti tán. Sail Away, ewì Langston Hughes lórí omi, dáa jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà pọ̀ lórí ojú ìwé débi tí àbúrò ò fi mọ ibi tí yóò wò.

Lórí rírà: àwọn tó ti pẹ́ ò rọrùn láti rí ní tuntun. Ọlọ́jà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ pé Story-Drum òun “dà bí tuntun”. Nígbà tó dé, ojú ìwé kan ti fàya, ẹnìkan sì ti fi kíréyọ́ọ̀nù fún Erin ní irùngbọ̀n. Wọ́n dá owó padà lẹ́yìn àríyànjiyàn. Kàkà kí ẹ kó sínú irú ẹ̀, ẹ wá Ashley Bryan's African Tales, Uh-Huh, tó jáde ní 1998. Ìtàn inú Story-Drum wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ìwé méjì mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilé tẹ́ ẹ fẹ́ kà á lórí fóònù, ẹ má ṣe é fún Blackbird. Àwòrán tó yẹ kó tẹ́ sórí ojú ìwé méjì máa pín sí méjì, ijó á sì tú.

Ó ku ọ̀kan tí àwọn ènìyàn máa ń rà láìwò nítorí pé orúkọ Bryan wà lára rẹ̀ àti pé ó gba Newbery Honor, àmì ọlá ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní 2017: Freedom Over Me. Ìwé àkọsílẹ̀ ogún kan ti 1828 ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti to orúkọ ẹrú mọ́kànlá pẹ̀lú iye owó wọn, wọ́n to màlúù àti òwú mọ́ wọn. Ó wá fún olúkúlùkù ní ojú, ohùn, ewì àti àlá tiẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kì í ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni tiwa wà, ibi tí ọwọ́ wọn ò tó. Ẹ̀gbọ́n ti ń béèrè, mo ní ó dìgbà tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kí èmi àti bàbá ẹ̀ tó jókòó tì í kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ọmọ ọlọ́mọ láìkọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀.