Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń fi fáníìṣì ayédèrú kun igi ọkọ̀ ojú omi wa ní Abuja

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ojú omi onígi ní Abuja, yálà Jabi Lake lẹ gbé e sí tàbí ẹ máa ń fà á lọ sí Lọ́kọ́ja àti Kainji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó san owó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú títún igi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Ó ti gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì ti gba lọ́wọ́ àwọn mìíràn tí mo mọ̀. Mi ò dárúkọ rẹ̀ nítorí pé orúkọ tó sọ fún mi kọ́ ló sọ fún ẹlòmíràn. Ọgbọ́n tó ń lò ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Èdè wa ló fi ń wọlé. Tó bá ti gbọ́ pé Yorùbá ni yín, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ni mí. Àwa la ni ara wa nílùú onílùú yìí.” Á ní Àpápá lòun ti kọ́ṣẹ́, á wá máa fi àwòrán ọkọ̀ tó ń dán hàn yín lórí fóònù. Lẹ́yìn náà lá gbé agolo fáníìṣì òkè òkun kan jáde, á ní owó rẹ̀ ti gun òkè, kí ẹ san èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ sílẹ̀ kóun lè tètè ra ìyókù. Agolo gidi ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kì í ṣe òun. Ẹ wo etí agolo náà dáadáa: ẹ óò rí ibi tí wọ́n ti fi irin ṣí ìdérí rẹ̀ rí, àti fáníìṣì àtijọ́ tó ti gbẹ mọ́ ọn.

Lacquer, ìyẹn ohun ìkunpákó tó máa ń tètè gbẹ, tí wọ́n fi tínà là ló rọ sínú rẹ̀. Lacquer fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Àwọn tó ń ṣe àga ní Kugbo ń fín in sára iṣẹ́ wọn, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀, nítorí inú pálọ̀ ni àga wà. Igi ọkọ̀ ojú omi kò rí ibi sá sí. Fáníìṣì tó yẹ ẹ́ ni èyí tí wọ́n fi epo bíi tung oil tàbí epo linseed pọ̀ mọ́ resin (oje bíi ti igi, tó máa ń le) ṣe, tí wọ́n sì fi èròjà tó ń dí ìtànṣán oòrùn lọ́wọ́ sí i. Tó bá gbẹ tán, ó ṣì máa ń rọ̀ díẹ̀. Rírọ̀ yẹn gan-an la ń sanwó fún. Nígbà ọyẹ́ níbí, omi ara igi á gbẹ, igi á sún kì. Tí òjò bá dé, á mu omi, á wú. Fáníìṣì gidi á bá a lọ, á bá a bọ̀. Lacquer le, kò lè bá a rìn, ó máa ń sán. Omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, igi á dúdú lábẹ́ rẹ̀, oòrùn náà á sì jẹ ojú igi tó yẹ kí fáníìṣì dì mú. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bó nìyẹn, tí á máa ṣí kúrò gbọọrọ bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí tèmi bó, ọyẹ́ ló dá lẹ́bi. Irọ́ ni. Eruku ọyẹ́ lè lẹ̀ mọ́ fáníìṣì tó ṣì tutù, kí ojú rẹ̀ sì rí kúrukùru, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ gidi fi máa ń ta tapólì bo ọkọ̀, tí á wọ́n omi sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ kì í bó fáníìṣì tó dáa kúrò lára igi.

Èyí tó dùn mí jù ni igi tó ti rà. Fáníìṣì ń jẹ́ kí a rí igi ni, tíkì tàbí ọ̀gànwó, bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ọkùnrin yìí ní àwọ̀ tó dúdú dáadáa ló bágbà mu. Lábẹ́ àwọ̀ yẹn ló ti fi ìyẹ̀fun pákó àti gọ́ọ̀mù dí gbogbo ibi tó ti jẹrà, títí kan ìdí ọ̀pá tí èèyàn ń dì mú wọ inú ọkọ̀. Àlejò kan di ọ̀pá náà mú, ó sì bá a lọ lọ́wọ́, nítorí súkúrù rẹ̀ kò rí igi kankan jẹ mọ́. Ọpẹ́ ni pé ọkọ̀ ṣì wà létí omi. Ká ní ọmọdé ni, tó sì jẹ́ àárín omi ńkọ́? Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kun nǹkan kan, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ igi náà, pàápàá ní oríkèé àti ìdí ọ̀pá. Tó bá wọlé wẹ́rẹ́, igi tuntun ló ń fẹ́.

Àkókò ni yóò kọ́kọ́ tú u fó. Lacquer á gbẹ lójú yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fáníìṣì elépo á gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì sábà máa ń di ọjọ́ kejì kí sánpépà tó lè kàn án. Ìkùn àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi tínà là dáadáa kó lè wọnú igi. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dín tínà kù, wọ́n á sì kùn ún tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á máa fi sánpépà pa á láàárín. Ẹni tó bá ní òun óò parí gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá fi wáyà onírun irin ha igi yín: èérún rẹ̀ á kù sínú igi, á dógùn-ún, á sì di àmì dúdú.

Ẹ fúnra yín ra fáníìṣì. Tí ẹ bá sì ń fura sí èyí tó wà nílẹ̀, ẹ kun díẹ̀ sára àkùfọ́ pákó, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá fi òwú tí ẹ rẹ sínú tínà lacquer pa á. Lacquer á yọ́ padà, á máa lẹ̀ mọ́ òwú. Fáníìṣì elépo lè hunjọ, ṣùgbọ́n kò ní yọ́ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó ti sanwó fún un: ẹ kó rísíìtì, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ní báńkì àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ kọ lórí WhatsApp jọ, kí ẹ gbé e lọ bá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ní ọ́fíìsì wọn ní Abuja níbí; òfin ọdún 2018 ló fún wọn lágbára. Ẹ tún sọ fún SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, nípa agolo náà. Kí ẹ tó ha èyí tó ń bó kúrò, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ pa mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọkùnrin náà kó agolo tó lò lọ.