Fífi Agbára Kún Ọkọ̀ Kékeré Onígíà Ọ̀tómátíìkì: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Ẹ Ná Owó Lé?

Ìlú tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé wọn ni Ìlọrin, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ agbára ẹṣin, òdiwọ̀n tí a fi ń wọn ipá ẹ́ńjìnnì, kì í tán lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ wa. Ẹni tí ó bá fi Corolla àtijọ́ kó èrò mẹ́rin àti ẹrù, tí ó tan amúlétutù, tí ó sì dorí kọ ọ̀nà Òmù-Àrán, yóò mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Onírúurú nǹkan ni wọ́n ń tà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń fi wọ́n wéra, kí ẹ fi sọ́kàn pé gíà ni yóò sọ iye agbára tí ọkọ̀ náà lè gbé, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Corolla ti Amẹ́ríkà tí ó jáde ní ọdún 2003 ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní-lítà 1.8, agbára ẹṣin 130 ni wọ́n kọ sí i lára, gíà ọ̀tómátíìkì rẹ̀ sì jẹ́ alákàsọ̀ mẹ́rin. Èyí tí ó ti lo ogún ọdún nínú eruku kò lè pé 130 mọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ ní rírà nìyẹn: agbára tí ẹ ti ní rí, tí ó sì ti sọnù. Púlọ́ọ̀gì ojúlówó, fílítà afẹ́fẹ́ tuntun, fífọ nọ́súlù tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì àti ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, àti wíwo bóyá pọ́ǹpù epo ṣì ń tú epo dáadáa, gbogbo rẹ̀ papọ̀ kò tó ìdá kékeré nínú owó tọ́bò, ẹ̀rọ tí ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá tẹ ìtẹ̀sẹ̀ dé ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà kò sì kọjá ibi kan, bí ẹni tí wọ́n dì nímú, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ kátálíìsì inú sàlẹ́ńsà, èyí tí ń fọ èéfín mọ́, wò, nítorí pé bí ó bá ti dí, èéfín kò ní rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ tuntun kò sì ní rí ààyè wọlé. Kí ẹ tó ra ohunkóhun rárá, kí mẹkáníìkì wọn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ púpọ̀, ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣàìsàn, ohun èlò tí a bá so mọ́ ọn kò lè wò ó sàn.

Inú ìpele yìí kan náà ni ọ́ìlì gíà wà. T-IV ni Toyota ní kí a dà sí gíà Corolla yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń da ọ́ìlì pupa èyíkéyìí tí wọ́n bá rí sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sì sáré tó bí ó ṣe ń ké, gíà ń yọ̀. Agbára tí ẹ bá fi kún un yóò kàn di ooru, yóò sì tún jó àwọn awo inú gíà ni.

Fílítà afẹ́fẹ́ gbangba, èyí tí kò ní àpótí, àti páìpù sàlẹ́ńsà ńlá ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ: agbára ẹṣin díẹ̀ péré ni ó lè mú wá, nígbà tí ọkọ̀ bá sì dúró nínú sún-kẹrẹ ní Challenge lọ́sàn-án gangan, afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ó ń fà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, agbára yóò sì dín kù. Ẹ tún rántí eruku ọyẹ́. Ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tí iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, kò fi nǹkankan kún un. Títún ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ ń ṣiṣẹ́ gidi lára ẹ́ńjìnnì tí ó ti ní tọ́bò láti ilé, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kéré lára èyí tí kò ní.

Tọ́bò fúnra rẹ̀ ń kọ́? Agbára tí ó ń mú wá kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n 1ZZ-FE ti ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ní ìlọ́po 10 kí tọ́bò tó dé. Bí a bá tún ti afẹ́fẹ́ sí i, epo lè gbiná ṣáájú àsìkò, kí ó sì fọ́ písítìnnì. Nọ́súlù ńlá, pọ́ǹpù, kọ̀ǹpútà àti ìtútù ọ́ìlì gíà yóò tẹ̀ lé e, gíà alákàsọ̀ mẹ́rin náà yóò sì ṣì jẹ́ ibi tí okùn ti máa já. Èmi kò ní ra á fún ọkọ̀ ọ̀tómátíìkì.

Ìfiwéra tí ó le jù ni ti pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ti títa ọkọ̀ náà láti ra òmíràn. Àwọn oníṣòwò tòkunbọ̀ lè fi ẹ́ńjìnnì 2ZZ-GE lọ̀ yín, èyí tí ó wà nínú Corolla XRS (irú Corolla tí wọ́n ṣe fún eré sísá) ọdún 2005 pẹ̀lú agbára ẹṣin 170. Ṣùgbọ́n gíà ọlọ́wọ́ nìkan ni XRS yẹn bá wá, òkè pátápátá, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá ìyípo 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ni agbára rẹ̀ sì ń jáde. Ta ni yóò máa wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà? Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tún wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ ní láti tún un ṣe kí àwọn ọlọ́pàá má baà dá yín dúró.

Corolla XRS ọdún 2009 àti 2010, ní tirẹ̀, ní ẹ́ńjìnnì 2.4 tí ó ní agbára ẹṣin 158, a sì lè rí i pẹ̀lú ọ̀tómátíìkì alákàsọ̀ márùn-ún tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe fún un. Irú ẹ́ńjìnnì yìí náà ni ó wà nínú Camry 2.4 ọdún 2007 sí 2009, tí ó wọ́pọ̀ nílùú wa. Èyí ni mo fara mọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn ẹ́ńjìnnì 2.4 ìgbà yẹn máa ń jẹ ọ́ìlì, nítorí náà, kí ẹ débẹ̀ ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó tan án, kí ẹ fa ìwọn ọ́ìlì yọ, kí ẹ sì wo bóyá èéfín rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Kí ẹ sún gíà láti D sí R kí ẹ mọ bóyá ó ń pẹ́ kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wà á jáde sí ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo pẹ̀lú amúlétutù ní títàn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láti kìlómítà 60 dé 100 ní wákàtí kan, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ bóyá gíà náà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí ó ń ṣe iyèméjì.