Ẹ ṣọ́ra o! Sítíkà ọkọ̀ ayédèrú tí wọ́n tà fún mi ní Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gé sítíkà fúnra yín láti fi kọ orúkọ sára bọ́ọ̀sì àti kọ́rópe, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi gan-an ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e mì torí ojú ń tì mí, àmọ́ àná ni mo tún rí i tí wọ́n gbé irú ọjà yẹn sórí Facebook, àwòrán kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, mo ní rárá, mi ò lè dákẹ́.

Búrẹ́dì ni mò ń ṣe, lọ́nà Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta níbí. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ń gbé e kiri, ọ̀kan ń dé Ṣàgámù. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń kọ ara ọkọ̀ ni mo máa ń bẹ̀, owó lórí owó, tí nọ́ńbà fóònù bá yí padà báyìí, owó míì tún ni. Ni mo bá ra plọ́tà tòkunbọ̀ kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì FUNAAB kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe ń gé e, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ṣa èyí tí a ò fẹ́ kúrò, kí wọ́n tó fi transfer tape, tépù tó ń di gbogbo lẹ́tà mú pọ̀, gbé e lọ sára ọkọ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, torí ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sọ fún mi ni pé bóyá mi ò lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ìyókù sítíkà ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ti lé lọ́dún kan, ó ṣì wà lára ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, kò ṣí níbì kankan.

Oṣù kìíní ni mo rí ọkùnrin yìí lórí Facebook, ó ní sítíkà Oracal 651 lòun ń tà, ojúlówó, láti Jámánì. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "Mummy, ẹ kú ọ̀nà o, ọmọ Kẹ́mta ni mí, ẹ̀yin ìyá wa lẹ jẹ́." Ó gé díẹ̀ lára róòlù kan tó wà lórí tábìlì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́tò tó wà níta, ó ní kí n fi èékánná ha á. Mo ha á, kò ṣí. Ojú mi ló ṣe é o! Ìgbà tó wá kan tèmi, inú yàrá ẹ̀yìn ló ti lọ gbé e wá, nínú ọ̀rá, nínú páálí. Róòlù 5, ₦62,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Transfer tape 2, ₦19,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦348,000 lápapọ̀. Mo ní kó tú ọ̀kan kí n wò ó, ó ní "Háà Mummy, nínú ọyẹ́ yìí kẹ̀, eruku á bà á jẹ́." Òótọ́ sì ni pé eruku máa ń ba sítíkà jẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí létí. Àti pé ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe mí bíi pé ìwọ̀sí ni tí mo bá ní dandan kó tú u. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ni nínú yín tí ì bá ti tú u?

Odidi ọjọ́ Sunday ni mo fi ṣiṣẹ́ yẹn. Mo fọ bọ́ọ̀sì, mo fi sípírítì nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fà á ní díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́ rẹ̀. Ó rẹwà. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi sí status. Mo tún bá ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa ṣe ti kọ́rópe tó fi ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé, ó fún mi ní ₦25,000.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo rí ìlà kan tó yí gbogbo lẹ́tà ká, gọ́ọ̀mù ni, sítíkà ti sún kì, gọ́ọ̀mù yọ síta, eruku Láfẹ́nwá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pupa rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn náà ni eteetí bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè. 7 já nínú nọ́ńbà fóònù mi. Kí n tó mọ̀, 3 tún já. Ọjọ́ mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì yẹn fi gbé nọ́ńbà tí kò pé kiri ìgboro! Ìyá kan tó fẹ́ ra búrẹ́dì 200 fún ìnáwó òkú ọkọ rẹ̀ ya nọ́ńbà yẹn ní fọ́tò, ó pè é títí, kò lọ, ó rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lọ́jà Sápọ́n, níwájú èèyàn, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí. Ti ọ̀rẹ́ mi ṣí tán pátápátá. Mo dá ₦25,000 padà fún un, ó gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà wò mí, ₦348,000 ò dùn mí tó o.

Mo pe ọkùnrin yẹn. Ó ní mi ò nu ara ọkọ̀ dáadáa. Mo ní mo nù ún. Ó ní bóyá òjò ló pa á. Òjò! Nínú ọyẹ́! Mo tún pè é, ó ti block nọ́ńbà mi. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àgádágodo ló pàdé mi, ìyá tó ń ta ìpékeré níwájú ibẹ̀ ní ọkùnrin náà kò lò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọjọ́ mẹ́jọ péré! Mo délé, mo tú róòlù kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi tépù télọ̀ wọ̀n ọ́n. Yáàdì 50 ló pè é, yáàdì 31 ni mo rí. Páálí àárín rẹ̀ ló ki tó bẹ́ẹ̀. Olè ni! Olè tó ń dọ̀bálẹ̀!

Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní Ìbarà ló wá là mí lóye, mo sì rò pé ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Sítíkà olówó pọ́ọ́kú, ńṣe ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fẹ̀, bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ mílìn tẹ ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì sì mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá fi ìyẹ̀fun tí ẹ tẹ̀ sílẹ̀, á sún kì padà. Oòrùn ló ń mú kí sítíkà náà sún. 651 gan-an, títẹ̀ ni wọ́n tẹ òun náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é dáadáa, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sọ pé dúdú àti funfun rẹ̀ lè lo ọdún 6 níta, ìyẹn ní ojú ọjọ́ ti Yúróòpù o, kì í ṣe nínú oòrùn wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní cast, dídà ni wọ́n ń dà á bíi mọ́ínmọ́ín sínú agolo kó tó gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún, òun ló dára fún ibi tí ara ọkọ̀ bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, àmọ́ ó wọ́n.

Torí náà, ẹ ní kó tú róòlù tí ẹ máa gbé lọ gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lórí tábìlì. Ẹ gé díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ yín, ẹ fi sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó ra púpọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ gba rìsíìtì tó ní àdírẹ́sì. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ní rárá, ẹ máa lọ.

Èmi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́. Wọ́n á ní kì í ṣe gbogbo wọn, mo gbọ́, ṣùgbọ́n èwo ni mo fẹ́ mọ̀ yàtọ̀? Gbogbo wọn ló ń pè mí ní Mummy.

Awakọ̀ mi ṣì ń fi kẹrosíìnì nu gọ́ọ̀mù kúrò lára bọ́ọ̀sì títí di òní, ọ̀dà ti bó níbi méjì. Róòlù méjì kù tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, wọ́n wà lábẹ́ tábìlì tí a ti ń gé búrẹ́dì. Ẹnì kan ti ní kí n tà á fún òun ní ẹ̀dínwó, òun á rí ẹni gbé e fún. Mi ò tà á. Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó kó lè dá ayédèrú mọ̀ lè máa bọ̀, mo máa gé díẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.