Ọgbà ewéko ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún jẹ́lé-ó-sinmi wa

Igi òdòdó kan ṣoṣo tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń fi yanrìn ṣeré ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ewéko ìbílẹ̀ nìkan ni a bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọgbà náà fún wa ṣàdéhùn, orúkọ gbogbo wọn sì wà nínú àwòrán ọgbà tí a fọwọ́ sí. Oleander, igi òdòdó tí mo ń sọ yìí, kò sí níbẹ̀. Agbègbè Òkun Mẹditaréníà àti apá kan Éṣíà ni orírun rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ tiwa, kò sì sí ibì kan lára rẹ̀, láti ewé dé gbòǹgbò, tí kò ní májèlé tó lè da lílù ọkàn rú. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ń tọ́jú. Ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá tó, ẹnu ni wọ́n ń gbé e lọ.

Nígbà tí mo pe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ sí i, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, òdòdó lásán ni.” Mo ní kí ó hú u, ó ní òun kò lè fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ láti ọ́fíìsì. Ẹni tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì ṣàlàyé pé igi tó wà nínú àwòrán ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún wọn, wọ́n sì fi èyí tí gíga rẹ̀ bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Gíga! Inú bí mi débi pé mo kó gbogbo ọmọ wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn ọgbà pa títí ẹni tó yàwòrán náà fi dé.

Obìnrin yìí kò wí àwíjàre kankan. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó hú igi náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó ṣa gbogbo ewé tó já sílẹ̀ sínú àpò, ó sì kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé wọn kò gbọdọ̀ dáná sun ún, nítorí èéfín rẹ̀ náà léwu. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé ojú ọmọdé, ó sì fi orúnkún rìn yí ọgbà náà ká. Báyìí ló ṣe rí i pé ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún kan wà ní ọ̀gangan ojú ọmọ, àti pé ìdìpọ̀ koríko gíga kan lè fi ọmọ pamọ́ fún olùkọ́. Ó ṣí méjèèjì nípò. Ó tún fi ààyè sílẹ̀ fún ebè kéékèèké tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò máa tọ́jú fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Friedrich Fröbel, tó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1837, ti ṣe fún àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ó yé mi lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdin labalábá kì í jẹ ju ewé ìwọ̀nba irú igi tí wọ́n ti ń bá gbé láti ayébáyé. Bí ewé bá lu, ọgbà ń ṣiṣẹ́ ni. Gbogbo igi tí ẹni tó tà á kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò fín oògùn apakòkòrò sí, ó dá a padà níṣojú mi. Ní báyìí, ihò ara ewé ni àwọn ọmọ ń sáré wá ní àárọ̀, inú mi sì ń dùn púpọ̀.

Àmọ́ ìwé pélébé tí ilé-iṣẹ́ náà fún wa sọ pé ewéko ìbílẹ̀ kò nílò ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ó ń fẹ́ omi déédéé ní ọdún àkọ́kọ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Díẹ̀ ti rọ kí a tó mọ̀.

Máàkì tí mo fún wọn ni 2 nínú 5. Ọgbà náà dára ju ohun tí mo retí lọ, obìnrin náà ni n ó sì pè bí a bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, kí ó dúró ti ọkọ̀ tó kó igi dé, kí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì yẹ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gbẹ́ ihò.